Orí Bíbẹ́ Kọ́ Loògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́: ìtọ́jú tó bá pa aláìsàn kì í ṣe ìtọ́jú.

Ní Savalou àti Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí ìyá tó ń ta gàrí bá ṣàdéédéé ṣubú sídìí ọjà, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò lè gbé apá, ọ̀pọ̀ á ní ayé ló bá a jà. Ẹni tó kàwé díẹ̀ á ní rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò tíì bùṣe. Oríṣi méjì ni rọpárọsẹ̀. Nínú ọ̀kan, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ dí. Nínú èkejì, ó bẹ́. Kò sí ojú tó lè wo aláìsàn lásán kó mọ èyí tó jẹ́. Síkánà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ló ń fi í hàn. Ẹni tí iṣan rẹ̀ dí lè jàǹfààní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, bí wọ́n bá tètè fún un, láàárín wákàtí 4 àbọ̀ sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún ẹni tí tirẹ̀ bẹ́ ní oògùn kan náà, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ní láti gbé e lọ síbi síkánà ní Kútọnu, láti Bantè dé ibẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ. Mi ò ká oníṣègùn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ kò, àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ti ná wákàtí wọ̀nyẹn tán.

Èyí tó bẹ́ náà ní tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ibi tó rọ lára iṣan ló máa ń wú bíi rọ́bà kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, títí á fi bẹ́. Ní 1937, Walter Dandy, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Baltimore, ṣí agbárí aláìsàn kan, ó sì fi irin fàdákà kékeré há ọrùn irú wíwú bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Guido Guglielmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín bọ iṣan itan, wọ́n tì í gòkè dé ọpọlọ, wọ́n sì ká wáyà pílátínọ́ọ̀mù sínú ibi tó wú. Agbárí kò ṣí rárá. Òwe wa nìyí, a ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Àwọn ènìyàn rò pé ọwọ́ yíyá nìkan ni oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ń kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Latunde Odeku: ó gboyè dókítà ní yunifásítì Howard ní 1954, ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Edgar Kahn ní Michigan, ó sì dé Ìbàdàn ní 1962 láti dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ mìíràn, Adelola Adeloye, wá bá a níbẹ̀. Odeku kú ní 1974, ẹni ọdún 47. Ní Nàìjíríà lónìí, lẹ́yìn ọdún 6 ní yunifásítì, ẹni tó bá fẹ́ irú iṣẹ́ yìí ṣì ní bí ọdún 6 mìíràn níwájú. Mo gbà pé mímọ ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ là lórí ló ń jẹ ọdún wọ̀nyẹn jù.

Nítorí wákàtí 4 àbọ̀ yẹn ni dókítà fi ń kọ́kọ́ bi àwọn tó gbé ìyá oní-gàrí wá pé: aago mélòó lẹ rí i gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ dá ṣáká? Kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ wo aago kó tó pe mọ́tò.