Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn: Ẹ̀kọ́ Inú Ìpàdánù Bín-ín-tín Nínú Ìtàn Bọ́ọ̀lù Orí Tábìlì

Àwọn baba wa a máa sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wò bóyá ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé òun dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé òun ṣubú. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ka ìtàn bọ́ọ̀lù orí tábìlì, eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ mọ̀ sí ping-pong. Ìbéèrè wa kò gùn: kí ni ẹni tó pàdánù pẹ̀lú àmì méjì péré lè rí kọ́, tí ẹni tí wọ́n nà pátápátá kò lè rí?

Ohun tí a ti fojú rí láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ló jẹ́ kí a béèrè. Bí ìdíje ọjọ́ ìsinmi bá parí, ẹni tí wọ́n fi 11 sí 2 nà a máa rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé ẹni náà ju òun lọ. Ẹni tó pàdánù ní 11 sí 9 ní abala ìkẹyìn ni kì í rí oorun sùn. Yóò ní adájọ́ ló rẹ́ òun jẹ, tàbí ràkẹ́ẹ̀tì ni kò dára, tàbí ẹnìkan ló wo òun ní ìwòkuwò láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ọ̀pọ̀ nínú irú wọn kì í padà wá mọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ló sún mọ́ àtiborí jù lọ. Àwọn tí a ń sọnù ni àwọn tó yẹ kí a dì mú.

Àmì kan, wákàtí méjì

Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ nínú eré yìí wáyé ní London ní ọdún 1926. Ní ọdún kẹwàá lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹta ọdún 1936, àwọn eléré péjọ sí Prague. Ọ̀nà kan ti gbilẹ̀ láàárín wọn nígbà náà: kí èèyàn má gbá bọ́ọ̀lù líle rárá, kí ó kàn máa rọra tì í padà kọjá àwọ̀n títí ẹni tó kọjú sí i yóò fi ṣe àṣìṣe. Àwọ̀n àárín tábìlì ga ju ti òní lọ, ó tó sẹ̀ǹtímítà 17. Nítorí náà, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù líle ló ń fi ara rẹ̀ wewu, sùúrù ló sì ń jẹ èrè.

Alojzy Ehrlich, ọmọ Júù láti ilẹ̀ Poland, jẹ́ ọ̀gá nínú ọ̀nà yìí. Ní Prague, òun àti Paneth Farkas ti ilẹ̀ Romania kojú ara wọn, àmì àkọ́kọ́ nìkan sì gbà wọ́n ju wákàtí méjì lọ. Nígbà náà, àmì 21 ni èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ kí ó tó gba abala kan. Àwọn tó ń wòran rẹ̀wẹ̀sì, àwọn alákòóso eré náà sì rí i pé bí ọ̀ràn bá ń lọ báyìí, kò sí ẹni tí yóò sanwó wá wo bọ́ọ̀lù orí tábìlì mọ́.

Àwọn náà wo ẹ̀yìn. Wọn kò dá àwọn eléré lẹ́bi, nítorí pé òfin ló fún wọn láyè. Òfin ni wọ́n tún ṣe: wọ́n fi gbèdéke àkókò sí ìfigagbága, wọ́n sì mú àwọ̀n wá sílẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 15.25, bí ó ti wà títí di òní, kí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù líle lè rí ọ̀nà.

Àtúnṣe náà kò pé lójú kan náà. Ní Baden, lẹ́bàá Vienna, ní ọdún 1937, Ruth Aarons ti Amẹ́ríkà àti Trude Pritzi ti Austria pàdé nínú àṣekágbá àwọn obìnrin. Àkókò tán kí ẹnikẹ́ni tó borí. Àwọn alákòóso kọ̀ láti fi oyè náà fún èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn obìnrin méjì pàdánù nínú ìdíje tí ẹnikẹ́ni kò ti borí. Ọdún 2001 ni Àjọ Àgbáyé tó ń ṣàkóso eré náà tó kéde pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ni oyè náà. Ọdún 64 ti kọjá, àwọn obìnrin méjèèjì sì ti kú. Ẹ̀kọ́ a máa pẹ́ kí ó tó wọ àwọn alágbára létí.

Ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Ehrlich. Ní Prague kan náà, ó dé àṣekágbá àwọn ọkùnrin, Stanislav Kolář sì borí rẹ̀ lójú àwọn ará ìlú Kolář fúnra rẹ̀. Ní Baden ní ọdún 1937, ó tún dé àṣekágbá; Richard Bergmann, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Vienna tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ló gba oyè náà. Ní ọdún 1939, Ehrlich dé ẹnu ọ̀nà náà nígbà kẹta, ó sì tún bá Bergmann níbẹ̀. Ilẹ̀ England ni Bergmann ń ṣojú lọ́tẹ̀ yìí, nítorí Jámánì ti gba Austria ní ọdún 1938, ọmọ Júù bíi tirẹ̀ kò sì lè dúró níbẹ̀. Bergmann tún borí.

Ìlú Cairo, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ni àṣekágbá kẹta yìí ti wáyé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje àgbáyé eré yìí wá sí Áfíríkà. Kò tún padà wá títí di ọdún 2023, nígbà tí ìlú Durban gbà á lálejò.

Ẹni tó bá yára yóò ní Ehrlich kò kọ́ nǹkan kan: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló padà lọ́wọ́ òfo. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1936 sí 1939, àwọn alákòóso ti fọwọ́ kan ohun tí agbára rẹ̀ dúró lé gan-an. Àwọ̀n ti sọ̀ kalẹ̀. Sùúrù tí kò lópin ti di ohun tí aago ń ká lọ́wọ́ kò. Ẹni tó bá fi ọ̀nà àtijọ́ nìkan wá sí Cairo kò ní dé àṣekágbá. Ó dé ibẹ̀, nítorí náà ó ti yí padà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kejì náà wà tí a kò gbọ́dọ̀ bò mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ wa: èèyàn lè kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa kí ẹlòmíràn sì tún borí rẹ̀. Alátakò náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀. Kò sí ìdíje àgbáyé mọ́ títí di ti Paris ní ọdún 1947. Àwọn Násì mú Ehrlich. Ó la àgọ́ ìpànìyàn Auschwitz àti ti Dachau já. Nígbà tí ogun parí, ilẹ̀ Faransé ló fi ṣe ibùgbé, ó sì di olùkọ́ eré náà. Ohun tí kò fi gba oyè, ó fi kọ́ ẹlòmíràn. Ó kú ní ọdún 1992.

Láti Ọ̀yọ́ dé ẹnu ọ̀nà ayé

Ìtàn tó jọ èyí wà nítòsí wa. Quadri Aruna, tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1988, wà lára ẹni mẹ́jọ tó kù nínú Ife Àgbáyé ní Düsseldorf ní ọdún 2014, kò sì kọjá ibẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Rio ní ọdún 2016, ó borí Chuang Chih-yuan ti Taiwan àti Timo Boll ti Jámánì, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wà lára ẹni mẹ́jọ ìkẹyìn nínú eré yìí ní Òlíḿpíìkì. Ma Long ti Ṣáínà ló dá a dúró. Nínú ìdíje àgbáyé ti Houston ní ọdún 2021, ó tún dé ipele kan náà, Truls Möregårdh ti Sweden sì dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà kan náà. Ní ọdún 2022, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ àárín ẹni mẹ́wàá tó ga jù lọ láyé. Bí ó bá ti ka ìpàdánù Düsseldorf sí àdánù lásán, Rio kì bá tí wáyé.

Bí a ṣe ń wo ẹ̀yìn

Láti ọdún 2001 ni abala kan ti di àmì 11 dípò 21. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ fi àmì méjì ju ẹnìkejì lọ. Èyí mú kí ìpàdánù bín-ín-tín pọ̀ sí i, ó sì ń fi òtítọ́ pamọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi Lágbájá àti Tàmẹ̀dù ṣe àpẹẹrẹ nínú ìdíje abala márùn-ún. Lágbájá borí ní 11 sí 3, ó pàdánù ní 9 sí 11, ó borí ní 11 sí 4, ó sì pàdánù ní 9 sí 11 lẹ́ẹ̀mejì tó kù. Tàmẹ̀dù ló gba ife-ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ro àmì wọn pọ̀: Lágbájá jẹ 49, Tàmẹ̀dù jẹ 40. Ẹni tó jẹ àmì púpọ̀ ló pàdánù. Lágbájá kò ṣaláìmọ̀ ọ́n gbá. Ibi tí abala ti ń parí ni ilé rẹ̀ ti ń jò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni 11 sí 9 kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Ẹnìkan wà tó ti ń ṣáájú ní 9 sí 6, tí ẹ̀rù bà á, tó wá ń ti bọ́ọ̀lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi kọjá rẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí wọ́n ti fi 10 sí 4 ṣáájú rẹ̀, tó sì jà padà dé 9. Oògùn àkọ́kọ́ ni ìgboyà; oògùn ìkejì ni kí ó tètè jí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ 11 sí 9 nìkan sílẹ̀ kò kọ nǹkan kan. Kí ó kọ bí àmì ṣe ń lọ, irú bọ́ọ̀lù tó fi bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn bọ́ sí.

Kí ó sì má ṣe yí ohun gbogbo padà nítorí ọjọ́ kan. Bọ́ọ̀lù lè kan etí àwọ̀n kí ó sì já bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Oríire nìyẹn, kò sí ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ohun tó bá fara hàn nínú ìpàdánù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ó dì mú.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ìdí ọpọ́n ayò, òpè ni a ń pe ẹni tó pàdánù, wọ́n a sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n àgbà kan kì í ṣàìtọ́ka sí ilé ayò tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣì í, òpè náà a sì tún jókòó. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé pélébé kan dání lọ sí ìdíje tó ń bọ̀. Kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ àgbà sì jókòó ti ẹni tó pàdánù ní 11 sí 9, kí ẹ bi í léèrè bí àmì ṣe lọ, kí ó tó wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ó padà wá sí ìdí tábìlì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.