Èdè Àlejò Nínú Kíláàsì Ọmọdé

Ọmọ ọdún mẹ́fà tó dàgbà sí etí ọ̀sà ní Ibeshe, ní Ìkòròdú, ti mọ ohun púpọ̀ kó tó wọ ilé ìwé. Bí ó bá sọ pé "ó ti lọ", kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ọkùnrin ló ń wí tàbí obìnrin. Bí ó bá ka àwọ̀n márùn-ún tí bàbá rẹ̀ sá sóòrùn, ọ̀rọ̀ náà "àwọ̀n" kò ní yí padà. Gẹ̀ẹ́sì á ní kó ya "he" sọ́tọ̀ kúrò lára "she", kó sì fi "s" kún "net" tó bá ti ju ẹyọ kan lọ. Inú nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n bí ọmọ London sí. Ọmọ Ibeshe ní láti kọ́ wọn ni, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa yọ̀. Ohun tí ìtàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa fi hàn mí ni pé ìgbà tí a bá gbà pé èdè àlejò ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún ọmọdé ló máa ń gbọ́ ọ dáadáa.

Àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842 tètè rí i pé Yorùbá ni ọ̀nà. Ọdún kejì ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Àmọ́ òfin ẹ̀kọ́ 1882 so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ya nǹkan kan sọ́tọ̀ fún èdè ìbílẹ̀. Ibi tí owó bá sì wà ni ilé ìwé ń tọ̀. Ní 1955, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn yìí ni Ìkòròdú wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, nítorí náà ó kan àwọn ọmọ Ibeshe náà. Ọmọ kún kíláàsì, tíṣà tó gbẹ̀kọ́ tó kò sì tó nǹkan. Àṣà ìgbà náà ni pé Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Tó bá di àárín ọ̀nà, ìṣirò, ìmọ́tótó àti ìtàn á di Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́nu tíṣà tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ gan-an kò gún.

Àṣà yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán wò ní 1970, ní ilé ìwé St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn kò lé Gẹ̀ẹ́sì jáde o: wọ́n fi ṣe iṣẹ́ kan tó dá dúró, wọ́n sì wá tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí ló gbégbá orókè, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Àwọn kan ní tíṣà pàtàkì yẹn ló fa àṣeyọrí náà. Mo gbà pé ó kópa níbẹ̀, ohun tí mò ń wí náà sì nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò kò ráyè dúró sórí "he" àti "she". Ìdáhùn ìṣirò ló ń wá. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì fagi lé e ní 2025, pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ọmọ tó jókòó ṣe WAEC, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì, ní 2025 ti kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2019. Ìlànà 2022 kò bá a níbẹ̀ rárá.

Àtakò tó wúwo jù lọ wá láti Ìkòròdú fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àti ilé olówó pọ́ọ́kú ti kó oríṣiríṣi èèyàn wá síbẹ̀. Ẹ̀gùn, Ìlàjẹ, Ìgbò àti Hausa lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Èdè ta ni ká wá fi kọ́ wọn? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá èyíkéyìí nínú wọn, Yorùbá ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣeré lẹ́yìn tí aago bá lù. Tí a bá tilẹ̀ mú Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo wọn, àlejò náà ló ṣì jẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tíṣà wọn sì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àlejò han ọmọdé: ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́, lára ohun tọ́mọ lè fọwọ́ kàn, àwọ̀n kan, àwọ̀n méjì, kó tó kan ìwé.