Ààlà Láàárín Èkó àti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn: Múṣin àti Ìlúpéjú, 1951 sí 1967

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìtàn ààlà tí ó pín Èkó sí méjì láàárín ọdún 1954 sí 1967. Ààlà náà fi Yábàá àti Sùúrùlérè sí abẹ́ Ìjọba Àpapọ̀, ó sì fi Múṣin àti Ìlúpéjú sí abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. A fi hàn pé kì í ṣe èdè tàbí ẹ̀yà ni ó ya àwọn ará apá méjèèjì sọ́tọ̀, bí kò ṣe ohun tí ìjọba kọ̀ọ̀kan ṣe fún wọn. Èrò wa ni pé ọ̀nà méjì ni Ìpínlẹ̀ Èkó òde òní gbà wọ inú ìtàn Nàìjíríà, àti pé olùkọ́ tí ó bá mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò tí ì mọ ìtàn Èkó.

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èkó jẹ́ ìlú tí àríyànjiyàn kì í tán lórí ẹni tí ó ni ín. Bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá ti gbóná, àwọn kan á ní Èkó kò fi ìgbà kankan bá Ìwọ̀-Oòrùn pọ̀. Àwọn mìíràn á ní apá Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnìkọ̀ọ̀kan a máa fa ọdún kan yọ nínú ìtàn, a sì fi ọdún yòókù sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí a bá rán lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlúpéjú lè gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́wàá pé: ‘Tíṣà, ṣé Èkó ni wọ́n ń pe ibí yìí látijọ́?’ Ìbéèrè náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti dáhùn rẹ̀, a ní láti mọ ibi tí ààlà gbà kọjá, ẹni tí ó fà á, àti ohun tí ó sọ ìgbé ayé àwọn ènìyàn dà.

Èkó àti Ilẹ̀ Àwórì kí Ààlà tó Dé

Ilẹ̀ Àwórì ni Múṣin àti Ìkẹjà. Kò sí odò ńlá tàbí òkè gíga tí ó ya ilẹ̀ yìí nípa sí èyí tí Yábàá àti Èbúté Mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Òwò, ìgbéyàwó àti ẹ̀sìn ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ erékùṣù Èkó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, 1861, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Èbúté àti erékùṣù Èkó ni ìwé náà dárúkọ. Kò mẹ́nu ba Múṣin. Ṣùgbọ́n agbára Gẹ̀ẹ́sì kò dúró sí orí erékùṣù. Ní 1865, wọ́n lé àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá tí ó sàga ti Ìkòròdú. Ní 1867, nígbà ìdàrúdàpọ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá kúrò ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì tẹ̀dó sí Èbúté Mẹ́ta. Ní 1896, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin tí ó gba Èbúté Mẹ́ta, Yábàá, Múṣin, Òṣòdì àti Agége kọjá lọ sí òkè.

Díẹ̀díẹ̀ ni Kọ́lónì Èkó fi fẹ̀ títí ó fi kó Ìkẹjà, Àgbádárìgì, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú mọ́ra. Lójú òfin ìgbà náà, ẹni tí a bí sínú Kọ́lónì jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an, nígbà tí ẹni tí a bí sí Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kàn ń dáàbò bò. Nítorí náà, kí ó tó di 1951, inú Kọ́lónì kan náà ni ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti ará Múṣin wà. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ààlà tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ kò tẹ̀lé ti Kọ́lónì. Inú Kọ́lónì gan-an ni wọ́n ti fà á.

Àríyànjiyàn Ọdún 1951 sí 1954

Ìwé òfin ọdún 1951, èyí tí a fi orúkọ Gómìnà Macpherson pè, fi Èkó sí abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ìbàdàn ni àwọn aṣojú Èkó yóò ti máa jókòó ṣòfin. Nínú ìdìbò ọdún náà, ẹgbẹ́ NCNC, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ẹgbẹ́ alákùkọ, gba gbogbo àyè márààrún tí ó jẹ́ ti Èkó. Nnamdi Azikiwe wà lára àwọn tí ó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Action Group, ìyẹn ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ni ó pọ̀ jù ní Ilé Ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, Ilé Ìgbìmọ̀ náà ni ó sì ní àṣẹ láti yan àwọn méjì tí yóò ṣojú Èkó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀. Adélékè Adédoyin àti Dókítà Ọlọ́run-Nímbẹ̀ ni wọ́n yàn. Azikiwe kò rí àyè náà gbà. Láti ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ Èkó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan, tí ó di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Nígbà tí àwọn olórí pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953, èrò wọn kò ṣọ̀kan. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ilẹ̀ Yorùbá ni Èkó, kò sì yẹ kí a gé e kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn alátakò wọn ní olú-ìlú gbogbo Nàìjíríà ni, kò sì yẹ kí ó wà lábẹ́ ẹkùn kan ṣoṣo. Láàárín àwọn ọmọ Èkó pàápàá, ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé gẹdẹgbẹ ni Èkó wà, tí wọn kò fẹ́ kí Ìbàdàn máa pàṣẹ fún wọn. Oliver Lyttelton, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, dájọ́ pé kí Èkó dá dúró lábẹ́ Ìjọba Àpapọ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi wáyà ránṣẹ́ sí i pé Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹ̀tọ́ láti yapa bí ó bá wù ú; èsì tí ó gbà ni pé ìwà ipá ni wọn yóò ka irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, 1954, ìdájọ́ náà di òfin.

Ibi tí ìlà náà gbà ni ó yẹ kí a kíyè sí. Ìlú Èkó nìkan ni wọ́n yọ: erékùṣù, Ìkòyí, Apápá, Èbúté Mẹ́ta, Yábàá àti Sùúrùlérè. Múṣin, Ṣómólú, Òṣòdì, Ìkẹjà àti Agége ṣẹ́kù sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Yábàá dé Múṣin ti ti ọwọ́ ìjọba kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, kí òógùn ojú rẹ̀ tó gbẹ.

Ohun tí Ààlà náà Ṣe

Ẹ̀kọ́ ni a ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí pé olùkọ́ ni wá. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ètò náà kan Múṣin àti Ìkẹjà. Kò kan Yábàá. Ọdún 1957 ni Ìjọba Àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Fún ọdún méjì, ọmọ Yábàá tí òbí rẹ̀ kò rówó ilé-ìwé san lè dúró sílé, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Múṣin ń lọ sí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ń sọ. Ìlà orí ìwé ni ó mú ọ̀kan wọ kíláàsì, tí ó sì mú èkejì dúró síta.

Èkejì ni ilẹ̀ àti ilé. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku tàn kálẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924 sí 1930, ìjọba dá àjọ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Àjọ yìí ni ó la àdúgbò Yábàá. Láti 1955, ó bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn erékùṣù, ó sì ń kó àwọn onílé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris kọ ìwé ní 1961 lórí bí ìṣíkúrò yìí ṣe da ìdílé àti òwò ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Ṣùgbọ́n agbára LEDB kò ré kọjá ààlà. Ní Múṣin, ilẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, òfin ìkọ́lé kò sì le. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó rọ́ lọ síbẹ̀ láti gba yàrá tàbí láti ra ilẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 1963 ka ènìyàn tí ó lé ní 665,000 fún ìlú Èkó. Àwọn ará Múṣin kò sí nínú iye yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹ. Nínú ìwé tí Sandra Barnes gbé jáde lórí Múṣin ní 1986, ó ṣàlàyé bí àlejò tí ó bá kọ́lé ṣe ń di bàbá onílé, tí bàbá onílé sì ń di ẹni tí àdúgbò ń fọ̀rọ̀ lọ̀. Àǹfààní tí àlejò kò lè tètè rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó rí ní etí ààlà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára ní ìdọ̀tí tirẹ̀: gọ́tà àti ọ̀nà tí a kò tò dáadáa nígbà náà di ìṣòro fún àwọn tí ó wá lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni ilé-iṣẹ́. Èbúté Apápá, níbi tí ọjà ti ń wọlé, wà lọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà kò káwọ́ gbera. Ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, kí àwọn tí ó fẹ́ jẹ àǹfààní ọjà Èkó lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé-iṣẹ́ tàn dé Òṣòdì àti Ìlúpéjú. Èyí ni pé ìdíje ìjọba méjì wà lára ohun tí ó sọ agbègbè wa di ibùdó ilé-iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni òṣèlú. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, Dókítà Májẹ̀kódùnmí ni ó di alákòóso ẹkùn náà. Òfin yìí mú Múṣin; kò mú Yábàá. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965, rògbòdìyàn tí a ń pè ní wẹ́tìẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn, Múṣin sì wà lára ibi tí ó ti gbóná. Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà wà ní Ìwọ̀-Oòrùn, Èkó sì ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ti pàdé ní ọjọ́ 11 àti 12, oṣù Kìn-ín-ní, 1966. Ilẹ̀ tí iná ń jó ni àlejò fi ń wọ olú-ìlú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn ológun dìtẹ̀.

Bí Ààlà náà Ṣe Parẹ́, àti Èyí tí ó Hù

Kí ìjọba ológun tó dé ni àwọn kan ti ń béèrè ìpínlẹ̀ fún Èkó àti Kọ́lónì. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ó jábọ̀ ní 1958, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò gbà wọ́n láyè. Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 1967, Yakubu Gowon dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ àpapọ̀ ìlú Èkó àti apá Kọ́lónì tí ó wà lọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Mobọ́lájí Johnson ni gómìnà àkọ́kọ́. Bí ààlà ọdún mẹ́tàlá ṣe parẹ́ nìyẹn. Ìkẹjà, tí ó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn tẹ́lẹ̀, ni ó wá di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà ní 1976.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ààlà kò tán. Ní 2003, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, Ọ̀dí-Olówó àti Ojúwòyè sì jáde lára Múṣin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tí ì pé títí ìgbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá fi òfin tì í lẹ́yìn. Ìgbà yí padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò yí: ta ni ó ní àṣẹ láti fa ìlà, ta sì ni yóò jẹ èrè tàbí ìyà rẹ̀?

Ìgúnlẹ̀

Nínú àyẹ̀wò yìí, a rí i pé òótọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ó wà lẹ́nu àwọn tí ó ń jiyàn. Òótọ́ ni pé Èkó dá dúró láti 1954. Òótọ́ sì ni pé Múṣin, Ìkẹjà àti Ìlúpéjú wà lábẹ́ Ìbàdàn títí di 1967. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́ ti gé ìtàn ìpínlẹ̀ náà sí ìdajì.

Nígbà tí wọ́n yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré ní nǹkan bí 2009, irú ìmọ̀ yìí ni a sọ nù. Nísinsìnyí tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí ó padà, kò yẹ kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Àbújá. Kí ó mú àwọn ọmọ rìn láti Yábàá dé Múṣin. Kí ó ní kí wọ́n bi àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà wọn léèrè ọdún tí wọ́n wọ ilé-ìwé, ibi tí wọ́n ń gbé nígbà náà, àti bóyá wọ́n san owó. Ìdáhùn wọn yóò fi ààlà hàn ju àwòrán ilẹ̀ lọ.

Ìlúpéjú ni orúkọ àdúgbò wa, ìyẹn ni pé gbogbo ìlú pé síbẹ̀. Bí ọmọ bá sì béèrè bóyá Èkó ni ibẹ̀ látijọ́, kí tíṣà dá a lóhùn pé: etí Èkó ni, ọwọ́ Ìbàdàn ni ó wà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn tí ó ti ibi gbogbo wá sì ni ó sọ ọ́ di ìlú.