Ẹjọ́ Socrates ní Áténì

Ẹ̀yin ará, ní ọdún 399 kí a tó bí Olúwa wa, a mú àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún kan, tí a ń pè ní Socrates, wá sí iwájú ilé ẹjọ́ ní Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìkì. (Gbogbo ọdún tí èmi yóò dárúkọ ni ó ṣáájú ìbí Olúwa.) Òun kò kọ ìwé kan sílẹ̀. Ní ọjà ni a máa ń bá a, tí ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí òdodo í ṣe, títí ẹni tí ó gbójú lé ìmọ̀ ara rẹ̀ yóò fi rí i ní gbangba pé òun kò mọ nǹkan kan. Ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ọlọ́lá ìlú kò lè ṣàìní ọ̀tá.

Meletus, Anytus àti Lycon fi í sùn pé kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí, pé ó ń mú ti àjèjì wọlé, àti pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ẹni tí ó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì yóò rántí pé ní ìlú yìí kan náà ni a gbé ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Pọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yára pe àwọn ará Áténì ní òǹrorò. Wọ́n ti bá Sparta jagun láti ọdún 431 títí di 404, a sì ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn èyí ni ọgbọ̀n ọkùnrin gba ìjọba, tí wọ́n sì pa ará ìlú tí kò dín ní 1,500, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìgbàanì ti kọ ọ́. Critias tí í ṣe olórí wọn ti máa ń tẹ̀lé Socrates rí. Bàbá tí a pa ọmọ rẹ̀ kò ha ní béèrè ẹni tí ó kọ́ apànìyàn náà?

Ní ọdún 403 ìlú búra pé a kì yóò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí ohun tí ó ti kọjá. Nítorí náà a kò lè dárúkọ Critias nínú ẹ̀sùn. Síbẹ̀, ní ọdún 345, Aeschines sọ fún àwọn adájọ́ láìfi bò pé nítorí pé Socrates kọ́ Critias ni wọ́n fi pa á. Níhìn-ín ni èmi rí àìtọ́ ìdájọ́ náà: wọ́n fi ẹ̀sùn kan dá a lẹ́bi, wọ́n sì fi òmíràn pa á.

Ẹ̀bi Critias kò sì jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọgbọ̀n náà rán òun àti àwọn mẹ́rin láti lọ mú Leon ará Salamis wá fún pípa, àwọn mẹ́rin lọ. Socrates gba ilé rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 406, nígbà tí àwùjọ fẹ́ dá àwọn balógun lẹ́jọ́ ní àpapọ̀ lòdì sí òfin, ó kọ̀ fún wọn.

Ó gbéraga ní ilé ẹjọ́. Èmi kò lè yìn ín nínú èyí. Bí 30 ìbò péré bá yípadà, à bá dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í léèrè ìyà tí ó tọ́ sí i, ó ní kí ìlú máa bọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbéraga a máa bí ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n òfin wo ni ó ní kí a pa agbéraga?

Crito ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ mú un sá kúrò ní túbú. Ó kọ̀, ó ní òun kò ní rú òfin ìlú tí ó tọ́ òun dàgbà. Ó mu ago májèlé náà, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sì ni pé kí Crito má ṣe gbàgbé àkùkọ kan tí wọ́n jẹ Asclepius, òrìṣà ìwòsàn.