Àjèjì Oníṣòwò àti Òfin ní Orílẹ̀-èdè Gánà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òfin ìlú wà lára ohun tí àlejò kì í tètè rí. Ìrírí àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Gánà fi èyí hàn.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n sì ti bímọ síbẹ̀, ni ó fi dúkìá sílẹ̀ padà wálé.

Lónìí, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí àjèjì kọ́kọ́ bèèrè. Èkíní ni ti ìgbélùú. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ òmíràn láìgba físà fún ọjọ́ 90. Ẹni tí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Èkejì ni ti òwò. Òfin ìdókòòwò Gánà ti ọdún 2013 ya ọjà títà nínú ọjà, ìkiri, iṣẹ́ irun dídì àti iṣẹ́ onígbàjámọ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà. Ó tún béèrè owó ìdókòòwò tí kò dín ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àjèjì tí yóò ṣe káràkátà.

Ibi tí àdéhùn àti òfin yìí ti forí gbárí ni aáwọ̀ lórí títi ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń wáyé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àṣẹ àtiwọ̀lú kì í ṣe àṣẹ àtiṣòwò.