Gíláàsì Tó Ń Ká Ooru Oòrùn Mọ́lé: Láti Igbó Olókun Dé Igbó Ẹfọ̀n

Orúkọ Igbó Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ ti sọ irú ibi tí àdúgbò náà jẹ́ nígbà kan rí: igbó tí ẹfọ̀n ti ń jẹ̀. Lónìí, ilé ló kún ibẹ̀ lẹ́bàá òpópónà tó lọ láti Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà. Pátákó sólà wà lórí òrùlé púpọ̀ nínú àwọn ilé àgbègbè yìí. Síbẹ̀, iná mànàmáná tàbí gáàsì ni wọ́n fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná nínú ilé. Kí ló dé tí oòrùn tó ń ran òrùlé láti òwúrọ̀ kò fi mú omi náà gbóná fúnra rẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ìtàn kan tó pẹ́ ju pátákó sólà lọ, ìtàn àwọn ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá, ṣùgbọ́n tí ooru kì í tètè rí ọ̀nà gbà jáde nínú wọn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti sá èlùbọ́ rí mọ̀ pé oòrùn kò wọ́n. Dídá ooru rẹ̀ dúró ló ṣòro. Bí oòrùn bá pa irin dúdú lára, irin náà yóò gbóná, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí atẹ́gùn yóò fi gbé nínú ooru náà lọ, ohun tó fara kàn án yóò fà nínú rẹ̀, irin náà fúnra rẹ̀ yóò sì máa tan ìyókù jáde gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò rí. Bí ó bá ṣe ń gbóná sí i ni ooru rẹ̀ ń yára sá lọ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lo ooru oòrùn láìbò ó dà bí ẹni tó ń fi agbọ̀n pọnmi. Gíláàsì ni ohun àkọ́kọ́ tó dí ihò agbọ̀n náà: ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó ń dá atẹ́gùn dúró, kì í sì í jẹ́ kí ìtànṣán ooru tí ojú kò rí kọjá.

Gíláàsì kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń yọ́ gíláàsì nínú ìkòkò amọ̀, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, wá síbẹ̀ ní ọdún 1910, ó sì fi ògo Ifẹ̀ fún ìlú Atlantis inú àròsọ àwọn Gíríìkì. Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola ló tún ilẹ̀ náà wà, tó sì tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2017. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000 lọ ló rí, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì. Àyẹ̀wò fi hàn pé àdàlù gíláàsì Ifẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti Yúróòpù. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ṣe é. Iná ni wọ́n fi ṣe gíláàsì tiwọn. Lílo gíláàsì láti ká ooru oòrùn mọ́lé bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn.

Ní ọdún 1767, Horace-Bénédict de Saussure, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará ìlú Geneva, bẹ̀rẹ̀ sí í fi gíláàsì bo gíláàsì láti wo bí ooru inú rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ló kan àpótí onípákó kan, ó fi ohun dúdú tẹ́ inú rẹ̀, ó sì fi ìpele gíláàsì mẹ́ta dé e. Ooru inú àpótí náà lé ní 100°C, èyí tó tó láti mú omi hó. Ó gbé e gun orí òkè níbi tí òtútù wà, ooru inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ó hàn báyìí pé kì í ṣe gbígbóná afẹ́fẹ́ ìta ló ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe ìdérí náà. Ní àwọn ọdún 1830, John Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ se ẹyin àti ẹran ní Cape, ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà.

Augustin Mouchot, olùkọ́ ìṣirò ní ilẹ̀ Faransé, ló so díńgí pọ̀ mọ́ gíláàsì. Díńgí tó tẹ̀ bí àgbékọ́ ń darí ìtànṣán sí ojú kan, níbi tí ìkòkò bàbà dúdú wà, ìdérí gíláàsì sì yí ìkòkò náà ká. Díńgí ń kó ooru wá, gíláàsì ń pa á mọ́. Ní ibi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Paris ní 1878, ó fi ooru oòrùn ṣe omi dídì, ẹnu sì ya gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n èédú ti di ọ̀pọ̀ ní Yúróòpù, ìjọba Faransé sì dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró.

Frank Shuman, ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Gíláàsì ló sọ ọkùnrin yìí di olówó: òun ló ṣe gíláàsì tí wọ́n ki wáyà sínú rẹ̀ kí ó má baà fọ́n ká bí ó bá fọ́. Ní 1913, ní Maadi lẹ́bàá ìlú Cairo, ó ṣí ẹ̀rọ tó ní ọpọ́n díńgí márùn-ún, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó mítà 62. Gíláàsì bo àwọn páìpù tó gba àárín wọn. Ẹ̀rọ náà ń fa omi odò Náílì tó 6,000 gálọ́ọ̀nù ní ìṣẹ́jú kan sí oko òwú. Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Shuman kú ní 1918, epo rọ̀bì sì gba ìjọba.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà ní akọni tirẹ̀. Ní 1965, orílẹ̀-èdè Niger dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí agbára oòrùn sílẹ̀ ní Niamey, èyí tí wọ́n mọ̀ sí ONERSOL. Abdou Moumouni Dioffo, onímọ̀ físíìsì ọmọ Niger, ni ó darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ onígíláàsì tó ń mú omi gbóná, wọ́n sì ń tà á fún ará ìlú. Ní Nàìjíríà, àwọn ibùdó ìwádìí agbára ní Nsukka àti Sókótó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní 1986, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè yíjú kúrò lọ́dọ̀ oòrùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ epo ló pa iṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́.

Ìmọ̀ fúnra rẹ̀ kò dúró. Ní 1931, Samuel Kistler, ará Amẹ́ríkà, ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní aerogel. Èròjà kan náà tó wà nínú iyanrìn ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì fúyẹ́ púpọ̀. Ihò inú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ooru kì í rọrùn láti là á kọjá. Ó ṣe bàìbàì bí èéfín fún ìgbà pípẹ́, títí di 2019, nígbà tí àwọn olùwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT kéde èyí tí nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Wọ́n fi bo irin dúdú lórí òrùlé wọn nígbà òtútù tí omi ń dì níta. Irin náà gbóná dé 220°C, láìsí díńgí tó ń kó ìtànṣán jọ.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó yẹ kí ará Èkó fetí sí. Díńgí kò lè kó ìtànṣán jọ àyàfi bí oòrùn bá tàn gbọnrangandan. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ Noor tí Mọ̀rókò ṣí ní Ouarzazate ní 2016 fi wà létí aṣálẹ̀. Ojú ọ̀run etíkun Èkó yàtọ̀: kùrukùru pọ̀, ìkùukùu a sì máa tú ìmọ́lẹ̀ ká kó tó dé ilẹ̀. Ìdíwọ̀n tí Àjọ Agbára ti Nàìjíríà ń lò ni pé oòrùn tó ń dé mítà onígun mẹ́rin kan lóòjọ́ tó yúnìtì 3.5 ní etíkun, ó sì tó 7 ní ìpẹ̀kun àríwá. Ìmọ́lẹ̀ tó tú ká kò wúlò fún díńgí, ṣùgbọ́n ó wúlò fún àpótí tó ní ìdérí gidi. Níbi tí oòrùn kò ti dán gan-an, ìdérí ló ṣe pàtàkì jù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kí a tó gbé omi lítà 100 láti 27°C dé 50°C, nǹkan bí yúnìtì iná 2.7 ló máa gbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúnìtì kan fún àwọn oníbàárà Ìsọ̀rí A fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Ní iye yẹn, omi náà ń jẹ nǹkan bí ₦600 lójoojúmọ́. Àpótí onígíláàsì tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin méjì lórí òrùlé Igbó Ẹfọ̀n yóò gba yúnìtì méje lóòjọ́. Bí ó bá pa ìdajì rẹ̀ péré mọ́, ó ti tó iṣẹ́ náà ṣe, ó sì ṣẹ́ kù.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àpótí de Saussure ti pọ̀ káàkiri agbègbè Lẹ́kí, ibi tí kò yẹ ni wọ́n gbé e sí. Ilé tí gíláàsì bo iwájú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, tí kò ní ìbòòji kankan, àpótí ìkóoru ni. Oòrùn ọ̀sán ń wọlé, ooru kò rí ọ̀nà jáde, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń jẹ iná láti lé e. Àwọn baba ńlá tó ń fi ìgànná kọ́lé mọ ìwúlò ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti òrùlé tó yọ síta ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ kan náà ló ń pa owó ẹni tó ṣi gíláàsì lò, tó sì lè dín ìnáwó ẹni tó lò ó bó ti yẹ.

Aerogel ṣì wọ́n, ilé ìwádìí ló sì pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n gíláàsì, páìpù bàbà, ọ̀dà dúdú àti pákó wà lọ́jà. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní ẹ̀bá òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní irinṣẹ́ tó tó láti ṣe àpótí náà, iyanrìn tó dára fún gíláàsì sì wà ní Igbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni epo tàbí èédú olówó pọ́ọ́kú ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Epo kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú mọ́ ní Nàìjíríà láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti kúrò. Ohun tí a bá ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.