Mọ́tò iná àlòkù àti afẹ́fẹ́: bí àwọn kan ṣe rí iná láìdúró de òpó

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé, ẹ má kánjú. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ kà á sókè kí etí yín lè gbọ́ ọ.

Lónìí a fẹ́ sọ ìtàn iná mọ̀nàmọ́ná tí afẹ́fẹ́ ń mú wá. Kì í ṣe ti àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ìjọba ń rà. Ti àwọn tí kò lówó púpọ̀ ni. Wọ́n mú ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ti sọ nù, wọ́n so apá mọ́ ọn, wọ́n gbé e sókè sínú afẹ́fẹ́, gílóòbù sì tàn nínú ilé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ ti rí dínámò ara kẹ̀kẹ́ rí. Ó dà bí ìgò kékeré. A máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara táyà. Bí ẹ bá ti ń wa kẹ̀kẹ́, táyà a máa yí dínámò, iná iwájú a sì tàn. Bí ẹ bá dúró, iná a kú. Kò sí epo nínú rẹ̀, kò sí bátìrì. Ẹsẹ̀ yín ni epo rẹ̀.

Ẹ ti rí fáànù pẹ̀lú. Iná wọ inú rẹ̀, ó ń yí, ó ń fẹ́. Ní ti dínámò, yíyí ló mú iná wá. Ní ti fáànù, iná ló mú yíyí wá. Ṣé ohun méjì ni wọ́n ni, tàbí ohun kan? Orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ìtàn wa dúró lé.

Kí n tó tẹ̀ síwájú: ẹ̀rọ tí iná ń yí, irú èyí tó wà nínú fáànù, mọ́tò iná ni n ó máa pè é. Kì í ṣe mọ́tò tí ń gbé yín lọ sí ọjà o.

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà àtijọ́, orúkọ rẹ̀ ni Michael Faraday. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ tó wà láàárín wa, ẹ tẹ́tí: alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Wọn kò ní lọ́wọ́, ọmọ náà kò sì pẹ́ nílé ìwé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ń di ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rán ewé ìwé pọ̀, kí ó sì lẹ ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò kàn ń rán ìwé lásán, ó ń kà á. Inú ìwé oníwèé ló ti kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná.

Ní ọdún 1821, Faraday fi hàn pé bí iná bá ń gba inú wáyà kọjá, wáyà náà lè máa yí òòfà po. Òòfà ni irin tí ń fa irin mọ́ra. Ìyẹn ni bàbá ńlá gbogbo mọ́tò iná. Ní ọdún 1831, ó yí ọ̀rọ̀ náà sódì. Ó rí i pé bí òòfà bá ń rìn lẹ́bàá wáyà bàbà tí a wé bí òwú, iná yóò jáde nínú wáyà náà. Bí òòfà bá dúró, iná dúró. Ìyẹn ni bàbá ńlá gbogbo dínámò.

Ẹ ó rò pé láti ọjọ́ náà ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ju 40 ọdún lọ kí ó tó hàn gbangba lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Ọ́stríà, ni ó ti hàn, ní ọdún 1873. Wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan níbẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá. Zénobe Gramme, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó ti ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà rí, kó ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ wá. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì yí ọ̀kan, wọ́n sì fa wáyà láti ara rẹ̀ lọ sí ara èkejì tó jọ ọ́, tó wà níbi tó jìnnà. Èkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ń fa omi sókè. Ẹ wò ó: ẹ̀rọ méjì tó jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ń mú iná wá, èkejì ń jẹ iná. Bí a bá pààrọ̀ wọn, bákan náà ni. Ohun tí ń yí wọn nìkan ló yàtọ̀.

Nígbà tí èyí ti yé àwọn ènìyàn, kò pẹ́ tí wọ́n fi rántí afẹ́fẹ́. Ní 1887, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ James Blyth gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ilé rẹ̀ ní abúlé Marykirk, ní ilẹ̀ Sikọ́tìláǹdì. Aṣọ ni ó ta sí apá rẹ̀, bí ìgbà tí a ta aṣọ sí ọkọ̀ ojú omi. Ó fi í tan iná ilé rẹ̀. Iná náà pọ̀ jù fún un, ó sì sọ fún àwọn ará abúlé pé òun yóò fún wọn nínú rẹ̀ kí ojú ọ̀nà wọn lè mọ́lẹ̀ lóru. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ Sátánì ni. Ẹ má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí kò rí ohun kan rí, tí a kò sì ṣàlàyé fún, ẹ̀rù á bà á.

Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 1920 sí 1940, rédíò ló mú kí àwọn àgbẹ̀ wá iná. Òpó iná kò dé oko wọn. Bátìrì rédíò sì ń kú, wọ́n ní láti gbé e lọ sí ìlú kí wọ́n tó lè fi iná kún un. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn yọ dínámò lára mọ́tò àlòkù, wọ́n gbẹ́ igi ní apá, wọ́n gbé e sórí òpó. Afẹ́fẹ́ oko ń kún bátìrì, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn. Ní 1936, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin láti fa iná dé ìgbèríko. Bí òpó ṣe ń dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tì.

Ní 1973, epo rọ̀bì gbówó lórí lójijì ní gbogbo ayé, àwọn ènìyàn sì tún rántí afẹ́fẹ́. Ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń jẹ́ Christian Riisager kọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sínú ọgbà ilé rẹ̀. Mọ́tò iná, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò, ni ó sọ di amúnáwá. Ṣùgbọ́n irú mọ́tò yẹn kò ní òòfà nínú. Wáyà iná ìlú, tó ti dé ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni ó ń jí i kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ rántí èyí, nítorí a óò padà sí i.

Kí ni kí ẹni tí wáyà ìlú kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe? Kí ó wá mọ́tò tó ní òòfà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Amẹ́ríkà rí irú rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tóbi bí yàrá. Orí téèpù gígùn tí a wé bí òwú ni ó ń kọ ìrántí rẹ̀ sí, mọ́tò iná ni ó sì ń yí téèpù náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré dé, wọ́n sọ àwọn ńlá nù, mọ́tò inú wọn sì di ohun tí a ń tà lówó pọ́ọ́kú. Láàárín ọdún 2000 sí 2010, àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń wá a kiri bí ẹni wá wúrà. Èyí tí ilé-iṣẹ́ Ametek ṣe ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Kí ló dé? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó pọ̀. A máa ń kọ nọ́ńbà méjì sí ara mọ́tò iná. Ọ̀kan ni fólítì, ìwọ̀n agbára tí ń ti iná nínú wáyà. Èkejì ni iye ìgbà tí yóò yí ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n kọ sí ara ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò Ametek yìí pé 30 fólítì, 325 yíyí. Bí a bá pín 325 sí ọ̀nà 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11. Nítorí náà, bí a bá yí i nígbà 11 ní ìṣẹ́jú kan, a óò rí nǹkan bí fólítì kan. Bátìrì mọ́tò jẹ́ fólítì 12, iná tí yóò wọ inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lágbára jù ú lọ díẹ̀, ká ní 14. Nǹkan bí 150 yíyí ti tó. Afẹ́fẹ́ tí kò le púpọ̀ lè yí apá tó gùn ní mítà kan tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo mọ́tò mìíràn tí a kọ 24 fólítì, 3.000 yíyí, sí lára. Kí ó tó mú fólítì 12 péré wá, ó gbọ́dọ̀ yí nígbà 1.500 ní ìṣẹ́jú kan. Apá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í yára tó ìyẹn. Ẹni tó bá ra irú èyí nítorí pé ó tóbi, tó sì ń dán, ti sọ owó rẹ̀ nù. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí a kà.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ̀ bóyá òòfà wà nínú mọ́tò iná, láìtú u. Kí ó má ṣe sí lára iná rárá. Ẹ so ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Bí òòfà bá wà, yóò le lọ́wọ́. Ẹ tú wáyà náà, kí ẹ tún un yí: yóò fúyẹ́. Mọ́tò inú fáànù tí a ń kì bọ ara ògiri kì í sábà ní òòfà, bíi ti Riisager. Ẹ lè fi ọwọ́ yí i títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, gílóòbù kò ní tàn.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí a bá so mọ́tò olóòfà mọ́ bátìrì, tí afẹ́fẹ́ sì dáwọ́ dúró, bátìrì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́tò. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ti di fáànù nìyẹn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ẹyẹ, iná alẹ́ sì ń tán lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ohun kékeré kan tí à ń pè ní dáyóòdù sí ojú ọ̀nà wáyà. Ó dà bí ẹnu ìgèrè: ẹja lè wọlé, kò lè jáde.

Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ńkọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá yára ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ó bá sì dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni yóò kù. Èyí ni wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ náà ga ju orí igi lọ. Èyí náà ni ìjì ṣe ń fọ́ èyí tí a kò dè dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, sí orílẹ̀-èdè Màláwì. Ní 2001 sí 2002, ìyàn ńlá mú níbẹ̀. William Kamkwamba jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ tí ń gbin àgbàdo àti tábà. Ilé wọn ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bàbá rẹ̀ kò rí owó ilé ìwé san, ọmọ ọdún 14 náà sì kúrò ní kọ́léèjì. Ó ń lọ sí ilé ìkàwé kékeré kan ní ilé ìwé abúlé. Níbẹ̀ ló ti rí ìwé kan tó ní àwòrán ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì gbọ́ ọ dáadáa. Ó ń wo àwòrán, ó ń wá ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni omi: bí afẹ́fẹ́ bá lè fa omi sí oko, ilé wọn yóò máa kórè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ebi kò ní pa wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó kọ́kọ́ dán kékeré wò. Mọ́tò iná inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ni òun àti ìbátan rẹ̀ lò, rédíò sì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe ńlá. Ó rí fáànù tiràkítọ̀ àti irin mìíràn níbi tí wọ́n ń da àlòkù sí. Ó fi ọ̀pá ike omi ṣe apá. Ara kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ni ó lò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló san owó dínámò kẹ̀kẹ́. Àwọn ènìyàn ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ó gun òpó igi náà lójú gbogbo wọn, ó tú apá ẹ̀rọ sílẹ̀, gílóòbù sì tàn ní ọwọ́ rẹ̀.

Kò parí síbẹ̀. Wáyà tí ó ta sí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná jó ilé, ó sì fi ìṣó, wáyà àti òòfà ṣe ohun tí yóò máa gé iná. Nígbà tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀ lọ́dún kan, àwọn kan ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń lé òjò lọ. Ẹ rántí àwọn ará Marykirk. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní tẹlifóònù ń wá kún bátìrì wọn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní 2006, ìwé ìròyìn Màláwì kọ nípa rẹ̀. Ó padà sí ilé ìwé, ó sì parí yunifásítì ní Amẹ́ríkà ní 2014. Omi tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà dé sí abúlé wọn. Oòrùn ló ń fún ẹ̀rọ omi náà ní iná, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Mọ́tò iná ló wà nínú òun náà.